Sátidé Tí Kò Fẹ́ Kọjá

Ràfátù ò tíì pẹ́ nínú tákàbà ọkọ rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà pe ọkọ náà lórúkọ.

Ọwọ́ ọ̀sán ni. Sàláwù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ní kó bá òun tan ẹ̀rọ náà wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ń wá irú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Kamaldeen ti ṣubú níwájú kíláàsì tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí ẹ̀mí sì ti bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Aṣọ tó máa ń fi bò ó nítorí eruku ṣì wà lórí rẹ̀, bó ṣe ká etí rẹ̀ sábẹ́ gan-an ló wà. Ràfátù ṣí aṣọ náà kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì, ó dúró. Ẹ̀rọ náà kùn, ó há bí ẹni tó fẹ́ wú ikọ́, ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù tí Kamaldeen kì í fi sílẹ̀ ló yọ jáde, torí òun fúnra rẹ̀ ló ti tò ó kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ojú dúdú náà ní lẹ́tà funfun:

“Kamaldeen Abdulganiyu, Sátidé ti dé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ ń retí rẹ.”

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló dún sí Ràfátù létí, bí ìgbà tí ará ilé kan bá dúró ní ẹnu ọ̀nà tó ń béèrè baálé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn pé kò sí nílé.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ṣàjèjì sí i. Iṣẹ́ títẹ̀wé ló ń ṣe ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ìka rẹ̀ sì mọ lẹ́tà. Nígbà tí Kamaldeen ra kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní Pólì tó ń kó kúrò ní Ọ̀fà, ó ti jókòó tì í wo géèmù náà títí tó fi sú u. Kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tí ojú rí. Mánéjà ni wọ́n fi ẹni tó bá ń ṣe é jẹ. Yóò yan àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, yóò sọ ẹni tó máa dúró síwájú àti ẹni tó máa dúró sẹ́yìn, lẹ́yìn náà yóò káwọ́ gbera máa ka ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá: ta ló gba bọ́ọ̀lù, ta ló pàdánù rẹ̀, ta ló gbá a sáwọ̀n. Àwọn ẹlòmíràn a máa mú ẹgbẹ́ ńlá tó ti gba ife ẹ̀yẹ títí. Kamaldeen, ní tirẹ̀, lọ mú ẹgbẹ́ kan tó ń rápálá ní ìdí líìgì kẹrin, ní ìlú òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Ọ́lbrúùkù.

Ràfátù ti bi í nígbà kan pé, “Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, èyí lẹ rí mú?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó kù ti ní ẹni tó ń tọ́jú wọn.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà, pípa ni Ràfátù fẹ́ pa ẹ̀rọ. Kò pa á. Àwọn mọ́kànlá tí Kamaldeen ti yàn sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ tí kò padà wálé mọ́ ṣì tò sójú kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù ní àyè rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó wá tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Wọ́n nà wọ́n. Ọ̀rọ̀ mìíràn yọ pé, “Kamaldeen, inú àwọn ìgbìmọ̀ kò dùn sí ọ.” Ẹ̀rín ta bọ́ lẹ́nu Ràfátù, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Kò tíì rín in tán tí omijé fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Sàláwù padà dé, ó sọ fún un pé, “Bọ̀dá Sàláwù, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e lọ.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn a wá kí i láàárọ̀, wọ́n a jókòó sórí ẹní, wọ́n a máa sọ “olóògbé”, wọ́n a máa sọ “ẹni ire tó lọ”. Bí wọ́n bá lọ tán tí NEPA sì mú iná wá, Ràfátù a wọ pálọ̀, a ti ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù nínú ilé náà tó ṣì ń bá Kamaldeen sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Ó ń kí i, ó ń bá a wí, ó ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ràfátù ló ń dá a lóhùn. Nígbà mìíràn tó bá ń ronú ẹni tí yóò fi sí ẹ̀yìn, àga tó jókòó sí a ké bí ó ṣe máa ń ké nígbà tí Kamaldeen bá fẹ̀yìn tì í, bẹ́ẹ̀ òun ò sì mira. Kò bojú wẹ̀yìn rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá wo ẹ̀yìn, kò ní sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹni tó ń gbá iwájú fún wọn farapa ló lọ wo inú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà bóyá yóò rí arọ́pò. Orúkọ òyìnbó ló tò lọ rẹrẹ. Èyí tó gbẹ̀yìn kì í ṣe orúkọ òyìnbó.

Lukman Abdulganiyu.

Ó tẹ orúkọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọjọ́ tí wọ́n bí i wà níbẹ̀, ọjọ́ tí Ràfátù rọbí láti òru mọ́jú tí òjò kò sì dá títí ọmọ fi wálẹ̀. Ó ti gbọ́ nígbà kan tí Kamaldeen ń sọ fún ẹnìkan pé ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè yí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù padà, kò sì fi etí sí i.

Lukman ni àkọ́bí wọn. Kò tíì sọ̀rọ̀ já gaara nígbà tí èéyi pa á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí Àrìnpé, tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin báyìí, láti ìgbà náà ni gbogbo ayé sì ti ń pe Ràfátù ní Ìyá Àrìnpé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọkùnrin náà nínú ilé mọ́. Kamaldeen kò dárúkọ rẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n bá kù ní àwọn méjì. Ràfátù ti gbà pé ọkùnrin lọkọ òun, pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lára rẹ̀. Àṣé ó ń tọ́ ọmọ lọ. Àṣé ibi tó ń wọ̀ lójoojúmọ́ tó bá ti jẹun tán nìyẹn, tó ń fún ọmọ ní ọjọ́ orí tó yẹ kó ní, tó sì fi í pamọ́ sáàárín àwọn ọ̀dọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi tipátipá gbá a lẹ́sẹ̀.

Ohun tí géèmù náà sọ nípa ọmọ náà kò pọ̀: ó ga, ó yára, kò ní sùúrù. Ó tó fún Ràfátù. Ó rí i kedere, èjìká bàbá tó bí Ràfátù, ọrùn gígùn Kamaldeen. Ó fi í síwájú ní Sátidé tó tẹ̀lé e.

“Abdulganiyu gba bọ́ọ̀lù,” ni ọ̀rọ̀ tó sáré kọjá wí. “Ó yọ ẹnìkan sílẹ̀. Ó yọ ẹlòmíràn. Ó gbá a!”

“Lukman!” Ràfátù ti fò dìde kó tó mọ̀.

Alhaja Asiata, ìyá Kamaldeen, tó wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń bó ẹ̀gúsí, gbọ́ ọ. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

“Ta lò ń pè?”

“Kò sí o, Mọ́mì.”

Alhaja dúró síbẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ràfátù, kó tó yí padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé kì í jẹun tán mọ́. Ó rí i tó ń sọ̀rọ̀ sínú nígbà tó bá ń ṣàlùwàlá, tó sì ń sáré kírun ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí àlejò ń dúró dè. Nígbà kan, ó bá àwo oúnjẹ méjì lórí tábìlì pálọ̀, ṣíbí nínú kálukú wọn. Ó kó ìkejì kúrò, kò bi í.

Líìgì ń lọ sópin. Ọ́lbrúùkù ti dé ibi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdánù Sátidé tó kẹ́yìn, wọn yóò já kúrò nínú líìgì pátápátá, Lukman nìkan ló sì kù tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wọn. Ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ kùn lókè Ọ̀fà tí kò sì rọ̀, Ràfátù ṣí Sátidé náà. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kọjá:

“Abdulganiyu ṣubú. Kò dìde. Wọ́n ń pe àwọn tó máa gbé e.”

Ràfátù fọwọ́ bo ẹnu. Bó ṣe fẹ́ kà síwájú ni NEPA mú iná lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí iná padà dé, kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Sátidé ò tíì tó. Ọmọ wà níwájú, ara rẹ̀ le, kò mọ nǹkankan. Ràfátù wo ojú ẹ̀rọ náà títí, ìmọ̀ kan sì wọ inú rẹ̀ lọ bí omi tútù. Níbí, èèyàn lè gba ọjọ́ padà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, eékún ni ọmọ fi lu ti ẹlòmíràn, wọ́n sì gbé e jáde. Ràfátù fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà kúrò lára ògiri. Lọ́jọ́ kejì, orí ni. Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn ẹsẹ̀. Ó yọ ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́ kó lè wà láìfarapa. Wọ́n nà wọ́n ní ìnà tí kò lórúkọ, ọ̀rọ̀ sì yọ pé Abdulganiyu bínú, ó fẹ́ kúrò ní Ọ́lbrúùkù. Ó tún fa wáyà. Nígbà tó tan ẹ̀rọ padà, orúkọ ọmọ ti wà níwájú. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ibi tí èèyàn bá ti fi nǹkan pamọ́ sí kẹ́yìn ló máa padà sí. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà á. Ó dà bíi pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dìde lórí bẹ́ǹṣì tó rìn lọ dúró sí àyè rẹ̀, pé ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí òun.

Níta, ọjọ́ ń yí lu ọjọ́. Òjò ti ń rọ̀, àwọn ará Ìjàgbò ti ń gbé iṣu tuntun kọjá lórí ọ̀kadà. Nínú pálọ̀ Kamaldeen, Sátidé kan ṣoṣo ni.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí Alhaja ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà láìkan án.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́—”

“Mo ní kí lò ń ṣe, Ràfátù! Ọjọ́ wo ni mo ti ń gbọ́ tí ò ń tan nǹkan yìí tí ò ń pa á, tí ò ń sunkún? Ta ló wà níbẹ̀?”

Ràfátù kò lókun àtipurọ́ mọ́. Ó mú ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sórí orúkọ náà. Alhaja ti lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ọ̀nà Mọ́ṣáláṣí ńlá fún sáà méjì. Ó mọ lẹ́tà tó bá farabalẹ̀. “Lu,” ó wí. “Luk.” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni tó kan iná.

“Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?”

“Ọmọ yín ni, Mọ́mì. Ó fi í sáàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ó ń tọ́ ọ bọ̀.”

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó ti tú. “Ó ṣèlérí fún mi pé ìlú Ójòkú ni gbogbo rẹ̀ máa parí sí. Ó ní òun ò ní mú ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọlé.”

“Ójòkú báwo?”

“Ibẹ̀ la sin ín sí. Lẹ́yìn ilé bàbá wa. Kamaldeen bẹ̀ mí títí mo fi mú un lọ síbẹ̀, láti ìgbà yẹn kò yé lọ.”

Ràfátù dìde. Wọ́n ti sọ fún un nígbà náà pé òbí kì í rí sàréè ọmọ, ó sì ti gbé e mì. “Ẹ fi han òun, ẹ ò fi han èmi? Èmi tí mo bí i?”

“Òun bi mí. Ìwọ ò bi mí.”

“Wọ́n ní abiyamọ kì í béèrè!”

“Wọ́n sọ fún òun náà.” Alhaja gbójú sókè, omi ti kún un. “O ò bi mí rí, ìyàwó. Mo rò pé o ti gbàgbé rẹ̀. Inú mi a máa dùn fún ọ pé o lè gbàgbé.”

Kọ̀ǹpútà ń kùn. Ràfátù ló kọ́kọ́ padà jókòó, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

“Ó máa ń farapa níbẹ̀. Gbogbo ìgbà. N ò fẹ́ rí i, mo máa ń pa á kó tó parí.”

“Lọ́jọ́ tó kú,” Alhaja wí, “àwọn obìnrin fà ọ́ jáde nínú yàrá. Ṣé o rántí? O di férémù ilẹ̀kùn mú. Èmi ni mo tú ọwọ́ rẹ. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe ọ́.” Ó fi ìdí wọ́ sún mọ́ àga. “Jẹ́ kó gbá a tán, Ìyá Lukman. Ohun tó bá ṣe é, kó ṣe é lójú wa.”

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ràfátù tẹ bọ́tìnnì.

Ó ń ka ọ̀rọ̀ òyìnbó náà sí Yorùbá bó ṣe ń kọjá, Alhaja sì di etí aṣọ rẹ̀ mú. Orúkọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ dẹ́rù ba arúgbó náà. “Burúkú kẹ̀?” “Ọ́lbrúùkù ni, Mọ́mì, orúkọ ìlú ni.” Ọmọ gba bọ́ọ̀lù. Ó pàdánù rẹ̀. Ó tún gbà á, ó gbá a, ó kan igi. Alhaja ké “Ha!” bí ẹni tó wà lórí pápá. Àwọn ọ̀tá gbá góòlù kan sáwọ̀n wọn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ni ọ̀rọ̀ náà dé, Ràfátù sì kà á, ohùn rẹ̀ kò já:

“Lukman ṣubú. Kò dìde. Wọ́n ti gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.” Ọwọ́ rẹ̀ lọ sọ́nà ògiri. Alhaja dì í mú ní orúnkún, ọwọ́ náà sì padà. “Ó ti kúrò lórí pápá. Wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ọdún yóò fi yí.”

“Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè, Mọ́mì.”

Wọ́n pàdánù. Ọ́lbrúùkù já kúrò nínú líìgì. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni pé àwọn ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kamaldeen Abdulganiyu fún iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Alhaja bi Ràfátù léèrè ohun tí wọ́n wí.

“Wọ́n ní kó máa lọ sinmi.”

“Alihamudulilahi,” ìyá Kamaldeen wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tí Ràfátù jáde tákàbà, tó ti wẹ̀ tó sì ti wọ aṣọ tuntun, Ójòkú ni ibi àkọ́kọ́ tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ lọ. Ìbátan wọn kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oyètúndé ló ń gbé àgbàlá náà, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo yí i ká. Ó mú wọn lọ sábẹ́ igi kajú kan lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ lásán ni. Ẹni tí wọn ò bá mú wá lè tẹ̀ ẹ́ kọjá.

“Ibi tí ọkọ yín máa ń jókòó sí nìyẹn,” Bàbá Oyètúndé wí, ó ń nawọ́ sí gbòǹgbò kan. “Àwa rò pé orí ọ̀gbẹ́ni náà ti ń dàrú díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló máa ń sọ sílẹ̀. A ṣẹ́gun, wọ́n nà wá, bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé.”

Ràfátù jókòó sórí gbòǹgbò náà. Àwọn méjèèjì fi í sílẹ̀. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fọwọ́ tọ́ iyẹ̀pẹ̀ wò bí ìgbà tí èèyàn bá ń tọ́ orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó gbóná díẹ̀, ti oòrùn. Ó ní òun ni. Ó ní òun ò gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé ẹsẹ̀ náà yóò jinná, kó má fi agídi tètè dìde lé e, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń lọ sínú pápá ẹ̀gẹ́ náà, kò sì tijú.

Sàláwù gbé kọ̀ǹpútà náà lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn tó gbà á nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ràfátù kò béèrè.

Ohun kan ni kò kúrò lára rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, ariwo máa ń gba orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn wá. Bí ariwo náà bá ga tó sì ṣàdédé dákẹ́ pátá, bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí ẹnìkan bá ṣubú tí kò sì tètè dìde, Ràfátù a dá ohun tó ń ṣe dúró, ọmọ-orógùn lọ́wọ́, títí wọn yóò fi tún pariwo.